Iná Kì Í Tú Ààlè

Pọ́n-ùn márùndínlógójì ni Oyèdèjì ní kí kóòtù gbà fún òun lọ́wọ́ opó kan tí gbogbo ohun tó ní láyé kò tó pọ́n-ùn mẹ́ta. Ọládépò, akọ̀wé kóòtù, ka iye náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó ń gbádùn ohùn ara rẹ̀. Ẹnì kan láàárín àwọn tó wá wòran mí kanlẹ̀, ó ní owó ńlá ni o, bí ẹni pé bí owó ṣe tóbi tó la wá wò.

"Báwo lẹ ṣe ṣírò ó?" ni adájọ́ béèrè.

Ọládépò dìde. "Olóyè, ogún igi obì àbàtà ni iná jó. Igi kọ̀ọ̀kan ń mú ṣílè márùn-ún wọlé lọ́dún. Bí wọ́n bá gbin òmíràn lónìí, ó di ọdún méje kí wọ́n tó ká obì lórí rẹ̀. Ogún igi, ṣílè márùn-ún, ọdún méje. Ó pé."

Ó pé lóòótọ́. Ẹni tó bá ti purọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, ìṣirò rẹ̀ a máa pé.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ ojú irin ò tíì pẹ́ tó dé ẹ̀bá Ìwó, kóòtù tí òyìnbó ní ká dá sílẹ̀ sì ṣì ń rùn ọ̀dà. Èmi Oyèlẹ́yẹ ni akódà ibẹ̀. Bí ẹjọ́ bá ta kókó, èmi ni wọ́n ń rán lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, kí n lọ fi ojú rí ohun tí ẹlẹ́jọ́ fi ẹnu bò mọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn ní inú mi máa ń tètè bí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá jókòó ní kóòtù yẹn láti àárọ̀ dalẹ́ tí inú ò bí i, oorun ló ń sùn.

Àgbékẹ́ lorúkọ opó náà. Ó dáná sun koríko ní àkùrọ̀ rẹ̀ létí odò lákòókò ọyẹ́, kó lè gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni iná jó oko obì Oyèdèjì tó wà lókè àkùrọ̀ yẹn. Oyèdèjì ní iná Àgbékẹ́ ló ràn dé ọ̀dọ̀ òun. Opó náà ò rí ẹni dúró fún un, ló bá fi Oyèníkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ṣe ìdúró nílé Oyèdèjì títí ẹjọ́ yóò fi parí. Bí Oyèdèjì bá sì jàre, ọmọ náà di ìwọ̀fà.

Kí ẹni tí kò mọ̀ mọ̀: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé owó ni. Kì í dín ojú owó kù. Oyèníkẹ́ lè pọnmi, kó gúnyán, kó ṣa igi nílé Oyèdèjì títí irun orí rẹ̀ á fi funfun, pọ́n-ùn márùndínlógójì á ṣì wà níbẹ̀, kọ́bọ̀ kan ò ní yọ kúrò nínú rẹ̀.

Adájọ́ wa jẹ́ ìjòyè àgbàlagbà kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó wo ojú mi, ó rí i pé ó ti ń pọ́n.

"Oyèlẹ́yẹ, lọ wò ó. Ọjọ́ kóòtù tó ń bọ̀ ni màá dájọ́."

*

Ní àkùrọ̀ ni mo bá Àgbékẹ́. Ó jókòó létí ilẹ̀ tó ti jó, kò gbin nǹkan kan sí i. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ṣé o dáná lóòótọ́?"

"Mo dáná, Bàbá. Mo dúró tì í títí ó fi kú. Mo bu omi odò sórí eérú rẹ̀ kí n tó lọ sílé."

"Ta ló rí ọ?"

"Oyèníkẹ́ ni. Wọ́n ní ọmọ mi ni, wọn ò gba ẹ̀rí rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò tíì gbin nǹkan?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Èmi pẹ̀lú ta? Omi tí à ń bù sí ẹ̀fọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọmọ yẹn ló ń bá mi bù ú."

Mo rìn yí ilẹ̀ náà ká. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ló là á láàárín àkùrọ̀ àti oko obì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì lè gbé ewé tó ń jó fò ó kọjá. Kò sí ohun tí mo rí níbẹ̀ tó lè gba obìnrin náà sílẹ̀. Mo bi í bóyá ó rí ẹlòmíràn nítòsí lọ́jọ́ náà.

"Mo rí èéfín láàárọ̀, kí n tó dáná tèmi rárá. Ògúnkúnlé ọdẹ ló ń fín òkété."

Ara mi yá. Ọdẹ tó ń fín òkété nígbà ọyẹ́, nígbà tí gbogbo koríko ti gbẹ bí ewé tábà, kí la tún ń wá kiri? Mo ti ń ro bí màá ṣe fà á wọ kóòtù.

*

Kí n tó wá ọdẹ lọ, mo yà sílé Oyèdèjì. Bàbá náà jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀, irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń bí mi nínú jù. Ó ní kí n jókòó. Oyèníkẹ́ gbé omi wá nínú igbá, ó kúnlẹ̀. Ọmọ tó tó lọ sílé ọkọ ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti là nítorí iṣẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo mu omi náà, mo dá igbá padà fún un, mo kọjú sí Oyèdèjì.

"Ẹ ní obì wà lórí igi nígbà tí iná jó o?"

"Ó wà, ó pọ̀. Gbogbo ẹ̀ka ló ń tẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n ká a."

"Kí lẹ ṣe nígbà tí ẹ rí iná?"

"Kí ni mo lè ṣe, ọmọ mi? Mo dúró, mo ń wò ó, omijé ń bọ́ lójú mi."

"Ẹ ò ké sí ẹnikẹ́ni?"

"Ó ti kọjá agbára ènìyàn nígbà yẹn."

"Àgbékẹ́ ò lè rí pọ́n-ùn márùndínlógójì láyé rẹ̀, Bàbá."

"Mo mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo Oyèníkẹ́ tó ti mú ìgbálẹ̀. "Mi ò ní fòòró ẹ̀mí ìyá rẹ̀. Kí ọmọ náà ṣáà máa bá wa gbé."

Mo dìde kí n má bàa sọ ohun tí akódà ò gbọdọ̀ sọ fún àgbàlagbà.

*

Lọ́nà Olúpọ̀nnà ni mo ti bá Ògúnkúnlé, ó gbé òkété mẹ́ta tó ti yan kọ́ èjìká. N kò kí i.

"Iná tí o fi fín òkété ló jó oko olóko. O sì dákẹ́, o jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ opó."

Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, òdìkejì odò ni mo ti fín òkété. Ẹ jẹ́ ká lọ, kí n fi ihò rẹ̀ hàn yín."

A lọ. Òótọ́ ni. Ihò náà wà ní ìdí ọ̀pẹ ní òdìkejì, odò sì wà láàárín, koríko tó yí ihò ká kò tilẹ̀ jó. Inú tún bí mi, nítorí ìyẹn ni pé mo ti pàdánù ẹni tí mo ti ń di okùn fún lọ́kàn.

"O ò wá dé ìdí obì Oyèdèjì lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀. Kí n má purọ́, mo fẹ́ já obì kan jẹ. Mo rí ààlè tí wọ́n fi ń lé olè, mo sì kọjá lọ."

"Irú ààlè wo?"

"Ààlè Oyèdèjì náà ni, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, àti ojú ọkọ́ tó ti ya, torí Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wọn. Ó so ó mọ́ igi tó wà lójú ọ̀nà. Ìyẹn nìkan náà ló ní obì lórí."

Mo dúró. "Igi yẹn nìkan?"

"Òun nìkan ni mo rí obì lórí rẹ̀. Àwọn tó kù, ewé ni."

Mo ní kó máa lọ. Ẹni tí ẹ̀rù ààlè ò jẹ́ kó já ẹyọ obì kan ṣoṣo, kò lè dáná sun oko tí ààlè wà nínú rẹ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Ó ní òun ti mọ̀ pé bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

*

Mo mú Ọládépò akọ̀wé lọ sí oko obì lọ́jọ́ kejì. Kò fẹ́ lọ, ó ní eérú á ba bàtà òun jẹ́. Mo ní bí kò bá tẹ̀lé mi, màá gbé bàtà náà lọ láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fi àdá ṣá igi kan tó ti jó. Inú rẹ̀ ṣófo. Ikán ti jẹ ẹ́ láti ìdí dé òkè, tipẹ́tipẹ́ kí iná tó dé. Mo ṣá àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, bákan náà ni. Igi tó wà lójú ọ̀nà nìkan ni inú rẹ̀ kún, ó ga, ó le, ó sì dùn mí pé ó jó.

"Tún ìṣirò rẹ ṣe," ni mo sọ fún Ọládépò. "Ogún igi kọ́. Igi kan ni."

"Bó bá jẹ́ igi kan náà, Àgbékẹ́ ṣì jẹ gbèsè igi kan," ló dáhùn. "Òfin ni."

Kò sọ̀rọ̀ burúkú. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú, nítorí ó tọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ ní ìdí igi yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yẹ eérú. Mo yẹ ẹ́ títí apá mi fi dúdú dé ìgúnpá. Ọládépò bi mí pé kí ni mò ń wá.

"Ojú ọkọ́ kan tó ti ya."

"Nínú eérú?"

"Iná á jó àkísà, á jó okùn. Ìkarahun ìgbín á di ẹfun. Ṣùgbọ́n irin ńkọ́? Iná koríko wo ló ń jẹ irin? Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ààlè wà lára igi yìí. Nírọ̀lẹ́, iná jó. Irin inú ààlè dà?"

Ọládépò rò ó. "Bóyá ẹnì kan jí i."

"Jí kí ni? Ààlè? Ọládépò, ìlú wo ni wọ́n ti bí ọ? Olè a máa jí obì, a máa jí iṣu, a máa jí ewúrẹ́ àti okùn ọrùn rẹ̀. Ta lo ti rí tó jí ààlè? Ẹni kan ṣoṣo ló lè fọwọ́ kan ààlè láyé yìí kó sùn lóru, òun náà ni ẹni tó so ó."

 Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ̀ ọ́ lára, mo sì tẹ̀ síwájú. Ìgbà wo ni olóko ń tú ààlè rẹ̀? Nígbà tó bá fẹ́ ká obì ni. Bí Oyèdèjì bá ti ká obì lọ́jọ́ yẹn kí iná tó jó, a jẹ́ pé obì náà ti wà nílé rẹ̀, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tún gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi pé òun ò tíì ká a. Kí ló wá tú ààlè fún?

"Ó mọ̀ pé iná ń bọ̀," ni Ọládépò wí wẹ́rẹ́.

"Iná kì í tú ààlè kó tó jó igi. Ènìyàn ló tú u. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so irin Ògún mọ́ igi, ó gégùn-ún fún ẹni tó bá ba igi náà jẹ́. Nígbà tó wá di òun ni yóò bà á jẹ́, ẹ̀rù bà á. Kò bẹ̀rù kóòtù, kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò ro ti opó. Èpè tirẹ̀ ló bẹ̀rù. Ó dúró de ọjọ́ tí obìnrin náà dáná ní àkùrọ̀, ó tú ààlè, ó gbé e pamọ́, ó sì fi iná sí oko ara rẹ̀. Igi tí ikán ti jẹ ló fẹ́ tà fún wa ní owó ọdún méje, ó fi igi rere kan kún un kó lè jọ òótọ́."

*

Lọ́jọ́ kóòtù, Oyèdèjì dé nínú agbádá. Oyèníkẹ́ ru àpótí ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ fún un, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́yìn níbi tí ojú èèyàn ò dé. Àgbékẹ́ wà níwájú, kò gbójú sókè.

Mo sọ ti igi tí ikán jẹ. Oyèdèjì ní igi tó gbó ṣì ń so. Mo bi í léèrè ààlè.

"Ààlè wà lára igi yín lọ́jọ́ yẹn, Bàbá?"

"Ó wà."

"Ibo ló wà báyìí?"

"Iná jó o."

"Tòun tirin rẹ̀?"

 Mo ní mo ti yẹ eérú náà, akọ̀wé sì wà níbẹ̀. Ọládépò mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"A jẹ́ pé olè gbé e," ni Oyèdèjì wí. "Ayé ti bàjẹ́."

"Ó ti bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká bá olè náà wí." Mo gbé àdá tí a fi ń búra ní kóòtù lé iwájú rẹ̀. "Ẹ fẹnu kàn án. Ẹ sọ pé, kí Ògún mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó tú ààlè yẹn kúrò lára igi kí iná tó jó o, ẹni yòówù kó jẹ́. Ẹ ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni yòówù kó jẹ́, Bàbá. Ó tán."

 Oyèdèjì wo àdá náà. Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á padà, ó nu òógùn nù.

Ó yíjú sí adájọ́, ohùn rẹ̀ sì tún rọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. "Olóyè, kí ni mo fẹ́ fi ẹjọ́ ṣe? Aládùúgbò ni wá. Mo fa ẹjọ́ mi sẹ́yìn. Mo dárí ji obìnrin náà."

Ṣé ẹ ò gbọ́ ariwo tí àwọn ènìyàn pa? Wọ́n ń kí i. Wọ́n ní àgbà tó ní sùúrù ni. Adájọ́ fúnra rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó ti parí. Mo rí Àgbékẹ́ tó ń kúnlẹ̀ fún Oyèdèjì, tó ń dúpẹ́, ojú mi sì ṣókùnkùn.

"Ta ló ń dárí ji ta?" ni mo béèrè, n kò sì rántí kí n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló máa san owó àkùrọ̀ tí wọn ò gbìn? Ta ló máa san iṣẹ́ tí ọmọ yìí ti ṣe fún oṣù méjì? Nígbà tí owó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ Oyèdèjì, a ka obì tí kò tíì yọ òdòdó. Ó wá ku ti Àgbékẹ́, ìṣirò tán?"

"Ohun ìdúró ni ọmọ náà," ni Ọládépò wí láìgbójú sókè. "Iṣẹ́ ìdúró kò níye lórí nínú òfin."

"Igi tí ikán jẹ níye lórí fún ọdún méje, ọmọ ènìyàn tó ń pọnmi kò níye lórí?"

Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè. "Oyèlẹ́yẹ, jókòó. O ti fi hàn wá pé ẹ̀rù ń bà á. Ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ààlè náà bá wà níwájú mi tí iná ò kàn án, màá mọ ohun tí màá ṣe. Ibo ló wà?"

N kò mọ̀. Òun ló ń bí mi nínú: mo ti ro gbogbo rẹ̀ dé ìparí, n kò sì mọ̀.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn ni."

Ohùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí adájọ́ fi béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀. Oyèníkẹ́ ni, lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn àpótí.

"Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn, Bàbá. Àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, àti ojú ọkọ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mò ń gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láràárọ̀."

Oyèdèjì dìde, akódà ẹlẹgbẹ́ mi kan sì tún fi í jókòó. Èmi fúnra mi ni mo lọ. Ibi tí ọmọ náà ní ó wà ló wà. Oyèdèjì ò lè jù ú sígbó, ẹ̀rù irin náà ò jẹ́ kó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn gbé e kọ́ síbi tí àlejò kì í dé. Àkísà rẹ̀ ṣì pupa, iná ò tilẹ̀ fẹ́ ẹ lára. Mo fi igi ṣóńṣó gbé e wá sórí tábìlì adájọ́, nítorí èmi náà ò fọwọ́ kàn án.

Adájọ́ wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Akọ̀wé, ṣírò."

Ọládépò ṣírò. Ẹ̀fọ́ àti àgbàdo àkùrọ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn kan, pọ́n-ùn kan ààbọ̀. Iṣẹ́ Oyèníkẹ́ fún oṣù méjì, bí ẹni tí wọ́n gbà sóko ní owó ojúmọ́, pọ́n-ùn méjì. Lórí rẹ̀ ni adájọ́ fi pọ́n-ùn márùn-ún lé, owó ọdún kan nínú méje tí Oyèdèjì fẹ́ gbà pẹ̀lú irọ́. Pọ́n-ùn mẹ́jọ àti ṣílè mẹ́wàá.

"Kí oòrùn tó wọ̀," ni adájọ́ wí fún Oyèdèjì. "Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ lọ mú ọmọ tiyín wá, kí ó ṣe ìdúró nílé Àgbékẹ́."

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí owó fi dé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tètè rí owó.

*

Níta kóòtù, Àgbékẹ́ ń so owó náà mọ́ etí aṣọ. Mo pe Oyèníkẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú ṣì ń bí mi, n kò sì mọ ibi tí màá sọ ọ́ sí.

"Oṣù méjì ni o fi ń gbálẹ̀ lábẹ́ ààlè yẹn. O mọ̀ pé ìyá rẹ ń jẹ́jọ́ nítorí oko obì. Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó kúnlẹ̀ kó tó dá mi lóhùn. Ojú rẹ̀ ò yẹ̀ lára tèmi.

"Ẹ wá sílé náà, Bàbá. Omi tí ẹ mu, èmi ni mo gbé e fún yín. Mo dúró títí ẹ fi mu ún tán. Ẹ dá igbá padà, ẹ sì kọjú sí wọn. Ẹ ò bi mí."

Ó dìde, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ gba ọ̀nà àkùrọ̀. Títí di òní ni inú ń bí mi sí ẹjọ́ yẹn, n kò sì lè sọ pé Oyèdèjì nìkan ni mò ń bínú sí.